Kí a tó já ewúro fún adìyẹ tó ń ṣàìsàn

Àwọn àgbà ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹni tó bá ti sin adìyẹ sẹ́yìnkùlé rí mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí gan-an. Adìyẹ lè gbé aràn sínú fún oṣù kan sí méjì, kó máa jẹ̀, kó máa ta ilẹ̀, kí ìyẹ́ rẹ̀ máa dán, kí ojú wa má sì já a. Ìgbà tí ogbe orí rẹ̀ bá ṣì, tó fi apá méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tí òjò pa, ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré lọ sídìí ewúro.

Èmi náà sáré lọ. Nínú òjò ọdún kan, àgbébọ̀ mi kan pa òrómọdìyẹ méjìlá. Wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tòògbé ní ọ̀sán gangan, wọ́n ń fún ara wọn mọ́ ara wọn bí ẹni tí òtútù mú. Mo ní aràn ni. Mo já ewúro, mo fọ̀ ọ́, mo sẹ́ omi rẹ̀ sínú abọ́ wọn, mo sì gbé omi lásán kúrò níwájú wọn kí wọ́n má baà rí òmíràn mu. Ní ọjọ́ kẹta, mẹ́rin ti kú. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹfà, mẹ́ta péré ló kù. Dókítà ẹran tí mo gbé òkú ọ̀kan lọ bá là á níwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ ló kún inú ìfun rẹ̀, kò sí aràn kankan níbẹ̀. Coccidiosis ni, ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ó ní ewúro kọ́ ló pa wọ́n. Òùngbẹ tí mo fi kún àìsàn wọn àti ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi dúró de ewé tí kò lè ṣe iṣẹ́ náà ni wọn kò lè fara dà.

Mi ò torí èyí kọ ewé sílẹ̀. Ewúro ṣì wà lẹ́yìnkùlé mi, mo ṣì ń fún adìyẹ jẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ká tó béèrè ewé tó ń pa kòkòrò, ó yẹ ká mọ kòkòrò tí a fẹ́ pa.

Ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ilé báyìí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù, tí náírà sì já, oúnjẹ adìyẹ ti wọ́n, oògùn ẹran tí púpọ̀ rẹ̀ ń ti òkè òkun wá náà ti gbówó lórí. Ẹni tó ní adìyẹ mẹ́wàá kò ní pe dókítà wá sílé nítorí ọ̀kan tó ń tòògbé, nígbà tí owó ọkọ̀ dókítà nìkan lè ju owó adìyẹ náà lọ. Ewé sì ń bẹ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí WhatsApp, ẹ ó gbọ́ ohùn ẹnì kan tí ẹ kò mọ̀ rí tí yóò máa sọ pé kí ẹ lọ aáyù, ata àti ewúro pọ̀, kí ẹ pò ó mọ́ omi, pé kò sí àrùn adìyẹ tí kò ní wò. Àwọn kan wà tí owó kọ́ ni ìṣòro wọn. Wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn máa jẹ ẹyin tí oògùn ṣì wà nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ oògùn aràn ló ní iye ọjọ́ tí a kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin adìyẹ tó lò ó, wọ́n kọ ọ́ sára páálí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tú oògùn tà ní ẹ̀kúnṣíbí kì í fún èèyàn ní páálí.

Kòkòrò wo ni?

Adìyẹ tó ń jẹ̀ káàkiri àgbàlá ń gbé oríṣiríṣi àfòmọ́ kiri, bí a sì ṣe ń kó ọ̀kan kọ́ la ṣe ń kó èkejì. Èyí tí a mọ̀ jù nínú aràn ni Ascaridia galli, aràn funfun gígùn tó rí bí sípágẹ́tì, tó lè gùn tó ìka ọwọ́ àgbàlagbà. Ẹyin rẹ̀ á bá ìgbẹ́ adìyẹ jáde, á wà nínú ilẹ̀ tútù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó gbó débi tó lè mú adìyẹ mìíràn. Adìyẹ mìíràn á ṣá a jẹ, á dàgbà nínú ìfun rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́jọ aràn tuntun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tirẹ̀. Nínú ilẹ̀ tí òjìji bò, ẹyin yìí lè wà láàyè fún ọ̀pọ̀ oṣù. Adìyẹ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta ló ń ṣe léṣe jù. Àgbà adìyẹ tó ń jẹun kánú lè fara dà á, kó sì máa tú ẹyin rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé.

Aràn pẹlẹbẹ yàtọ̀. Ẹ ó rí i nínú ìgbẹ́ bí ẹyọ ìrẹsì tó ń mira. Adìyẹ kì í kó o lára adìyẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ tààrà. Èèrà tàbí kòkòrò ilẹ̀ mìíràn ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹyin rẹ̀ nínú ìgbẹ́, adìyẹ sì ń kó o nígbà tó bá ṣá kòkòrò náà mì. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ lára adìyẹ ìbílẹ̀ ju lára adìyẹ inú kéèjì lọ: adìyẹ ìbílẹ̀ ni ń tú ilẹ̀ wá èèrà. Aràn kan tún wà tó ń gbé inú ọ̀nà ọ̀fun, tí adìyẹ máa ń kó lára ekòló. Adìyẹ tó ní in á na ọrùn, á ya ẹnu sílẹ̀, á máa mí bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. A sábà máa ń pe ìyẹn ní òtútù àyà.

Èyí tó pa òrómọdìyẹ mi kì í ṣe aràn rárá. Eimeria lorúkọ rẹ̀, ó kéré débi pé awò maikirosikóòpù nìkan la fi lè rí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí méje tó bá ti wọnú ìfun ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí kò lóǹkà á ti máa bá ìgbẹ́ jáde, bí ilẹ̀ bá sì tutù tó sì móoru, ọjọ́ kan sí méjì ti tó fún wọn láti di ohun tó lè mú adìyẹ mìíràn. Ẹ fi èyí wé ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tí ẹyin aràn fi ń gbó nínú ilẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí àrùn yìí fi ń gbá gbogbo ọmọ adìyẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan nígbà òjò. Oògùn aràn kò rí i ṣe. Ọ̀pọ̀ omi apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀ kò rí i ṣe. Gbígbẹ ilẹ̀ ló ń dá a lẹ́kun, oògùn tí àwọn dókítà sì sábà máa ń kọ fún un ni amprolium, èyí tí kò pa aràn kankan.

Ibí yìí ni ó yẹ ká dúró díẹ̀. Oògùn òyìnbó pàápàá, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, ń yan kòkòrò tó ń pa. Piperazine ń lé aràn funfun gígùn jáde, kò lè ṣe nǹkan kan fún aràn pẹlẹbẹ. Amprolium ń dá Eimeria dúró, ó fi aràn sílẹ̀. Báwo wá ni ewé kan ṣoṣo yóò ṣe wo gbogbo rẹ̀?

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan lúkúlúkú, nítorí òun ló ń ba ewé lórúkọ jẹ́ jù. Bí ọyẹ́ bá dé, tí adìyẹ ń ṣu ìgbẹ́ tútù, tí ọrùn wọn ń lọ́, tí gbogbo agboolé ń kó òkú adìyẹ dà nù, fáírọ́ọ̀sì ni. Kò sí ewé tó ń wò ó, kò sì sí oògùn òyìnbó tó ń wò ó. Àjẹsára ló wà fún un, kí àrùn tó dé. Ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe àjẹsára yìí, títí kan èyí tó lè fara da ooru tí wọ́n ṣe nítorí adìyẹ abúlé, tí wọ́n ń kán sí adìyẹ lójú. Ẹni tó ń fi etí erin àti èèpo igi wo lúkúlúkú ń fi àkókò ṣòfò, adìyẹ tó bá sì yè níbẹ̀, ara rẹ̀ ló gbà á là.

Ewé, lọ́kọ̀ọ̀kan

Ewúro ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé, nítorí ìtàn rẹ̀ dára. Ní ọdún 1987, ní igbó Mahale lẹ́bàá adágún Tanganyika ní Tanzania, onímọ̀ ẹranko Michael Huffman àti Mohamedi Seifu Kalunde, ọmọ ẹ̀yà Tongwe tó mọ ewé igbó náà dáadáa, rí abo ìnàkí kan tí àìsàn ti gba okun rẹ̀. Ó já ẹ̀ka ewúro, ó bó èèpo rẹ̀, kò jẹ ewé rẹ̀. Ó ń rún inú igi náà rírọ̀ lẹ́nu, ó ń fa omi kíkorò rẹ̀ mu. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tí wọ́n wá ń yẹ ìgbẹ́ àwọn ìnàkí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n rí ọ̀kan tí iye ẹyin aràn inú ìgbẹ́ rẹ̀ já láti 130 sí 15 láàárín ogún wákàtí. Àwọn Tongwe fúnra wọn ń lo ewúro fún aràn inú. Nítorí náà, ohun tí àwọn ìyá wa ń sọ nípa ewúro àti aràn kì í ṣe àsọdùn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìnàkí yẹn ṣe dáadáa. Aràn ìnàkí ni, kì í ṣe ti adìyẹ. Inú igi ló jẹ, kì í ṣe ewé tí a fọ̀ títí kíkorò rẹ̀ fi dín kù. Ó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ tó ń ṣàìsàn, ó sì padà sídìí oúnjẹ rẹ̀. Àwa a gbé omi ewúro kalẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn, adìyẹ á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á yí ẹnu kúrò, nítorí adìyẹ mọ kíkorò, kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Adìyẹ tí kò mu omi lọ́sàn-án kan nínú ooru wa lè kú kí aràn tó rí i pa. Mo ti wá rí i pé ó dára jù kí a so ìdì ewé ewúro tútù kọ́ sí ibi tí ẹnu adìyẹ lè dé, kí omi mímọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí tó bá wù wọ́n, wọn á ṣá.

Ìbẹ́pẹ ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lójú mi. Ní ọdún 2007, àwọn dókítà ọmọdé ní Ilé-Ifẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ọmọ ọgọ́ta tí wọ́n rí kòkòrò nínú ìgbẹ́ wọn. Wọ́n fún ọgbọ̀n nínú wọn ní hóró ìbẹ́pẹ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ mọ́ oyin, wọ́n fún ọgbọ̀n yòókù ní oyin lásán. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, ìgbẹ́ ọmọ 23 ti mọ́ nínú àwọn tó gba ìbẹ́pẹ. Márùn-ún péré ni nínú àwọn tó gba oyin. Èèyàn nìyẹn. Ní ti adìyẹ, àwọn olùwádìí ti fi oje funfun tó ń jáde lára ìbẹ́pẹ dúdú dán aràn Ascaridia wò, iye aràn sì dín kù. Àwọn èròjà kan wà nínú oje náà tó ń jẹ awọ ara aràn, gẹ́gẹ́ bí ewé ìbẹ́pẹ ti ń rọ ẹran líle nínú ìkòkò. Ìyá àgbà tó ń fi ewé ìbẹ́pẹ wé ẹran ìgbẹ́ mọ agbára yìí tipẹ́.

Ṣùgbọ́n hóró ìbẹ́pẹ ní abala kan tí àwọn tó ń pín ohùn lórí fóònù kì í sọ. Tí wọ́n bá fún akọ eku àti akọ ehoro lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ó ń ba àtọ̀ wọn jẹ́. Ẹni tó ń sin àkùkọ nítorí kí ẹyin lè pa, kó má sọ hóró ìbẹ́pẹ di oúnjẹ ojoojúmọ́.

Aáyù gbajúmọ̀ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ. Ní Netherlands, àwọn olùwádìí fún adìyẹ tó ní Ascaridia ní allicin, èròjà tó ń mú aáyù rùn, wọ́n sì fún àwọn mìíràn ní oògùn aràn flubendazole. Ní ọdún 2011 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: oògùn náà ṣiṣẹ́, allicin kò dín aràn kù. Mo mọ̀ pé èyí yóò dun àwọn kan, nítorí aáyù wà nínú gbogbo àpòpọ̀ tí a ń gbọ́. Ata náà wà níbẹ̀. Ata kì í ta adìyẹ lẹ́nu rárá. Ohun tó ń mú ata jó wa lẹ́nu kò rí ẹ̀yà ara tó lè gbá mú lára ẹyẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń jẹ ata wẹ́wẹ́ nínú oko tí wọ́n sì ń gbin hóró rẹ̀ káàkiri. Nítorí náà kò ní pa á lára, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ohun tó fi hàn pé ó ń pa aràn inú rẹ̀.

Dóńgóyárò, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ọmọkùnrin gíga ní èdè Hausa, wúlò jù fún kòkòrò ara. Èròjà inú rẹ̀, pàápàá nínú hóró, ń dí kòkòrò lọ́wọ́ láti pa awọ dà, kí ó má lè dàgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ lọ́ra. Ẹni tó bá fọ́n omi ewé dóńgóyárò sí pákó tí adìyẹ ń sùn lé lónìí, tó sì wá kòkòrò lọ́la, á ní kò ṣiṣẹ́. Ní ti èfìnrìn, àwọn olùwádìí ní Brazil fi òróró rẹ̀ dán ẹyin aràn inú ewúrẹ́ wò ní ọdún 2002, kò sì sí ẹyin kan tó yọ ọmọ nínú wọn. Inú ìgò ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀nà jìn láàárín ìgò àti ìfun adìyẹ.

Tábà yàtọ̀ sí gbogbo èyí, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Òótọ́ ni pé ó ń pa kòkòrò: ní Amẹ́ríkà àtijọ́, omi nicotine tí wọ́n yọ lára tábà ni wọ́n ń fi kun igi tí adìyẹ ń sùn lé. Nicotine náà ló sì ń pa òrómọdìyẹ, ó sì ń gba awọ ọwọ́ wọ ara ẹni tó ń pò ó. Ewé tábà gbígbẹ kan lábẹ́ ìtẹ́ àgbébọ̀, mo rí i nílé wa. Omi tábà fún adìyẹ mu, ẹ má dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa nípa ohun tó wà nínú ìgò pẹ̀lú. Ní ọdún 2017, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù kó ẹyin àìmọye mílíọ̀nù dà nù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ń lo oògùn kan, Dega-16, láti lé kòkòrò pupa kúrò ní ilé adìyẹ ní Netherlands. Èròjà igi yúkálíptọ́ọ̀sì àti ti mẹ́ńtà ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀, ewé pọ́ńbélé. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ẹnì kan ti da fipronil mọ́ ọn, oògùn eégbọn ajá tí òfin wọn kò gbà fún ẹran tí èèyàn ń jẹ. Nílé wa níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ń kán DDVP, tí a ń pè ní ọ̀tápìápìá, sí ìyẹ́ adìyẹ tàbí sínú ìtẹ́ tí ẹyin wà. Oró ni. NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ti 100ml ní ọjà àti ṣọ́ọ̀bù láti ọdún 2019. Ẹni tó ń sá fún oògùn nínú ẹyin, tó wá ń kán DDVP sí ìtẹ́, ti gbé ohun tó burú ju oògùn lọ wọlé.

Ìwọ̀n

Ẹ̀kúnwọ́ ewé kan kì í ṣe ìwọ̀n. Ọwọ́ tèmi kì í ṣe ọwọ́ yín. Ewúro tí a já nínú ọ̀gbẹlẹ̀ korò ju ti inú òjò lọ, tútù àti gbígbẹ kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn tó ń tọ́jú èèyàn pẹ̀lú ewé mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ àkókò tí a ó já a àti bí a ó ṣe sè é. Nígbà tó bá kan adìyẹ, a máa ń gbàgbé gbogbo ìyẹn, a ó kàn fún un.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ewé wa ṣiṣẹ́. Ẹ kó ìgbẹ́ tuntun láti ọ̀dọ̀ adìyẹ bíi márùn-ún sínú láílọ́ọ̀nù mímọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran. Fásitì Ìbàdàn ní ọ̀kan, FUNAAB, fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, náà ní. Wọn á ka ẹyin aràn inú rẹ̀, wọn á sì sọ irú aràn tó jẹ́. Ẹ lo ewé yín. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, ẹ tún gbé òmíràn lọ. Bí iye rẹ̀ kò bá dín kù, ewé yẹn kò ṣiṣẹ́ fún aràn yẹn, ohunkóhun tí ẹni tó sọ ọ́ ì báà sọ. Adúgbò lè dá owó jọ fún èyí. Fún ẹni tí kò lè dé ibẹ̀, ọjọ́ tí a bá pa adìyẹ jẹ la lè mọ̀: kí a tó da ìfun rẹ̀ nù, ẹ là á gun pẹ̀lú ọ̀bẹ, ẹ fi omi ṣàn án. Aràn funfun á hàn kedere, aràn pẹlẹbẹ á hàn, ẹ̀jẹ̀ náà á hàn. Ẹ̀yìn náà ni mo tó ń mọ ohun tí mo ń wò.

Ìyá àgbà mi sin adìyẹ títí ó fi dàgbà kùjọ́kùjọ́, kò mọ orúkọ aràn kankan. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí àgò àgbébọ̀ tó ní ọmọ pé ọjọ́ mẹ́ta lójú kan. Á gbé e síwájú, á da eérú sí ojú ibi tó kúrò. Mo rò pé ìmọ́tótó lásán ni nígbà náà. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé ó ń gba òrómọdìyẹ lọ́wọ́ ilẹ̀ tí kòkòrò ti gbó sí. Òun tún ni kì í da àgbàdo sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wọn, inú àwo ni. Kò sí ewé tí a lè fún adìyẹ lówùúrọ̀ tí ilẹ̀ ẹlẹ́gbin kò ní sọ di asán kó tó di ìrọ̀lẹ́.

Eérú yẹn gan-an ló wúlò fún iná ara adìyẹ. Ẹ wo bí adìyẹ ti ń yí nínú erùpẹ̀ gbígbẹ, tó ń gbọn ìyẹ́: ó ń wẹ̀ ni. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì California ní Riverside gbé àpótí erùpẹ̀ fún adìyẹ tó ní iná àti kòkòrò wẹ́wẹ́ lára, wọ́n sì rí i pé èyí tó bá wọnú rẹ̀ wẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú wọn. Èyí tó ní imí ọjọ́ ló ṣiṣẹ́ jù. Iyanrìn gbígbẹ àti eérú igi tí a jọ̀, nínú táyà ọkọ̀ àtijọ́ tí òjò kò lè dé, ni mo ń lò. Iná ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ìdí ìyẹ́, nítòsí ihò ìdí adìyẹ, ẹyin náà sì ń pa láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá da eérú sára adìyẹ lẹ́ẹ̀kan tó ní ó ti tán, kó tún wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Fún ẹsẹ̀ tó ń yún, tó ń wú èèpo, àdín tàbí epo pupa ni kí ẹ fi pa á, kí kòkòrò inú rẹ̀ má rí afẹ́fẹ́ mí sí. Kẹrosíìnì á bó o.

Eégbọn àti kòkòrò pupa kì í gbé ara adìyẹ lọ́sàn-án. Inú ihò pákó ni wọ́n ń sá sí, òru ni wọ́n ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀. Eégbọn adìyẹ lè wà láìjẹun fún ọdún, nítorí náà ilé adìyẹ tí a pa tì lè ṣì kún fún un. Ní alaalẹ́ ọjọ́ Sátidé, mo máa ń mú tọ́ọ̀ṣì wọlé adìyẹ ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, mo máa ń tan án sí abẹ́ igi tí wọ́n ń sùn lé àti sí ìdí ìyẹ́ ọ̀kan tàbí méjì. Ní Sátidé tó kọjá, mo bá àgbébọ̀ tó pàdánù ọmọ mẹ́sàn-án níjọ́sí lórí ẹyin mọ́kànlá. Ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ ló wà lábẹ́ rẹ̀, omi mímọ́ wà nítòsí, ìdì ewúro kan sì wà lókè orí rẹ̀ tí àwọn tó kù ti ṣá títí ó fi ku igi.